Ẹsẹ̀ Tó Di Ìkọ́, àti Ẹni Tó Mọ Bí A Ṣe Ń Tú U

Nínú gídígbò tiwa, ọ̀rọ̀ kì í gùn mọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀. Onílù á yí ọwọ́ padà, àwọn ènìyàn ẹni tó dá ẹnìkejì á ya wọ agbo, ẹni tó ṣubú á gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó di ìgbà mìíràn. Ìdí nìyí tí Yorùbá tó bá ń wo jiu-jitsu ti Bràsíl fún ìgbà àkọ́kọ́ fi máa ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló ti borí. Àwọn méjì bọ́ sórí ẹní, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ju ọwọ́ sí aṣọ ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹnikẹ́ni, ọ̀kan ti fúnra rẹ̀ jókòó, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹni tó dúró. Adájọ́ ò wí nǹkan kan. Kò tíì sí ẹni tó borí. Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ipò tí ẹni ilẹ̀ wà yẹn ni wọ́n ń pè ní gáàdì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà láàárín òun àti ẹni òkè, kò tíì pàdánù ohunkóhun. Ẹni òkè ní láti kọjá ẹsẹ̀ náà, kó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì 3, kó tó gba máàkì 3. Bí ẹni ilẹ̀ bá dojú ẹni òkè bolẹ̀, tó sì bọ́ sókè rẹ̀, máàkì 2 ni tirẹ̀. Bó bá rápálá dé ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ọ nínú itan, máàkì 4 ni. Lójú tèmi, ẹni tó fi 3 sí iwájú kíkọjá, tó fi 2 sí iwájú dídojúdé, ti bá àwọn méjèèjì jà rí. Kíkọjá ẹsẹ̀ ẹni tó mọ ẹsẹ̀ í lò le púpọ̀.

Gáàdì pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tí mo fẹ́ ká jọ wò ni èyí tó ń jẹ́ orúkọ Ricardo De La Riva, ọmọ Rio de Janeiro tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Carlson Gracie. Ọ̀dọ̀ Carlson kì í ṣe ibi eré jẹ́jẹ́. Àwọn géńdé ló kún ibẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì rí nílẹ̀, ìwúwo ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi juwọ́. De La Riva kéré lára, kò wúwo. Bó bá ní kí òun fi agbára bá wọn ṣe é, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ́ ìró egungun ara rẹ̀. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbé síwájú láti ìta, ó ń fi dí wọn lọ́nà kí wọ́n má baà lè sún mọ́ ọn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Àṣírí yẹn ò pẹ́ tú sí ìta. Ní àwọn ọdún 1980, ó na Royler Gracie, ọmọ bíbí inú Hélio Gracie, ọ̀kan lára àwọn tó dá jiu-jitsu Bràsíl sílẹ̀, ní Rio níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí orúkọ ìdílé yẹn jẹ́ nígbà náà mọ̀ pé ìròyìn kékeré kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ká ní ẹsẹ̀ òsì ni ẹni òkè gbé síwájú. Ẹni ilẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ gba ìta ẹsẹ̀ òsì yẹn, á yí i gba ẹ̀yìn orúnkún, á sì fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ itan ẹni òkè láti inú. Ìkọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á lọ sí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan náà, á di etí ṣòkòtò mú níbẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á di ẹnu apá aṣọ ọ̀tún ẹni òkè mú. Ẹsẹ̀ òsì tó kù á lọ tẹ ẹni òkè ní ìbàdí ọ̀tún, nígbà mìíràn ní orúnkún, nígbà mìíràn ní iṣan apá. Ibi mẹ́rin ló ti mú un, kò sì sí èyí tó wà lásán nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára ìkọ́, torí òun ló yọjú jù. Èmi, ọwọ́ tó di gìgísẹ̀ ni mo máa ń wò. Ènìyàn tó dúró, tí wọ́n sì fẹ́ tì ṣubú, ohun kan ṣoṣo ló ń gbà á là: kó yára gbé ẹsẹ̀, kó gbé e síbi tí ìwúwo rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí wọ́n ti di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Nígbà náà, títì díẹ̀ ní ìbàdí ti tó láti fi í jókòó. Bí ẹni òkè bá sì rò pé òun gbọ́n, tó tẹ̀ síwájú kí wọ́n má baà tì í sẹ́yìn, apá aṣọ tí wọ́n ti dì mú ni wọn yóò fi fà á gba orí kọjá. Bó bá tún ní kí òun má tẹ̀ síwájú, kí òun má tẹ̀ sẹ́yìn, kí òun ṣáà dúró gbọin-gbọin, ọ̀rọ̀ ti di ti berimbolo nìyẹn. Ẹni ilẹ̀ á sọ orí kodò, á yí lórí èjìká ara rẹ̀ gba abẹ́ ẹsẹ̀ tó kọ́, ìdí ẹni òkè á kanlẹ̀, kó sì tó mọ̀, ẹni tó ń wò níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Máàkì 4.

Rafael àti Guilherme Mendes, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Rio Claro ní ìpínlẹ̀ São Paulo, ló sọ berimbolo di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́. Lẹ́yìn wọn ni João àti Paulo Miyao dé, ìbejì tí ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ pé ọ̀kan náà ni orí àti ìdí jẹ́ fún wọn, bí wọ́n ṣe lè fi èyí sókè ni wọ́n lè fi ìyẹn sókè. Mo ti rí àgbà òṣèré bẹ́líìtì dúdú tó dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí kò gbé ẹsẹ̀ kankan síwájú. Ẹ̀rù tó bà á kò yà mí lẹ́nu rárá.

Kí ni ẹni tí kò tíì gbọ́n máa ń ṣe? Yóò rí ìkọ́, yóò sì bá ìkọ́ jà. Yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn tagbára-tagbára, kò sì mọ̀ pé bó ṣe ń fà á ni ọwọ́ tó di gìgísẹ̀ ń rí i bí yóò ṣe gbé e. Tàbí kó tẹ̀ ba, kó fi ọwọ́ méjèèjì máa já ẹsẹ̀ yẹn kúrò ní itan rẹ̀. Orí rẹ̀ ti wá sílẹ̀ nìyẹn, ọrùn aṣọ rẹ̀ ti wà níbi tí ọwọ́ lè tó, ìdí rẹ̀ ti gòkè ju èjìká lọ. Ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ báyìí kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni. Bí okùn tó ta kókó ni: ẹni tó bá ń fa kókó náà fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń mú un le sí i.

Ìkọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Nǹkan mẹ́ta yòókù ló fún un lágbára, bí wọ́n bá sì ti kúrò, òun náà á rọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n kíkọjá gáàdì yìí wà nínú mímọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò àti èyí tó lè dúró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kánjú débi pé wọn yóò fo ọ̀kan.

Kò sí ẹni tí mo gbádùn láti máa wò nídìí iṣẹ́ yìí tó Leandro Lo. Ọmọ São Paulo ni, ọ̀dọ̀ Cícero Costha ló dàgbà sí nínú jiu-jitsu, níbi ètò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kíyè sí ohun kan. Ilé ìkọ́ṣẹ́ Cícero Costha yìí kan náà ni àwọn Miyao ti kọ́ṣẹ́. Ìyẹn ni pé àwọn ìbejì tí gbogbo ayé ń sá fún lórí ẹní ìdíje, ẹlẹgbẹ́ Lo nílé ni wọ́n. Ẹsẹ̀ tí àwọn mìíràn ń bá pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n á sì fi gbogbo ọdún sọ ìtàn rẹ̀, òun ń tú u nílé. Kò sí àdììtú kankan nínú ìdí tí ojú rẹ̀ fi máa ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ìdúró rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Orúnkún á tẹ̀, ìdí á wálẹ̀, ẹ̀yìn á nà, orí á dúró níbi tó yẹ kí orí wà. Ẹni tó bá wà báyìí, wọ́n lè fà á, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ré e. Lẹ́yìn náà ló kan apá aṣọ. Ọwọ́ tí wọ́n dì mú náà kò ní jà, yóò yí po, ìgúnpá á padà wá sí ìbàdí tirẹ̀, ìdìmú á sì já. Ṣe ni àwọn òǹwòran á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní àkókò yìí, torí lójú wọn, kò tíì sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí apá aṣọ ṣe já yẹn, fífà-gba-orí-kọjá ti tán. Ó ku títì sẹ́yìn, ó ku berimbolo.

Ó wá kan ẹsẹ̀ tó tẹ ìbàdí, ẹsẹ̀ òsì ẹni ilẹ̀. Níbí ni mo rò pé iṣẹ́ gidi wà. Ẹni òkè á di ṣòkòtò rẹ̀ mú lórí orúnkún tàbí lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, á tì í wálẹ̀ kúrò ní ìbàdí, á sì mú un wọ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì tirẹ̀. Lẹ́yìn náà á rọra jókòó lé e, kò ní jókòó tán, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ á há ojúgun yẹn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ẹni òkè ṣì wà nínú ìkọ́. Gìgísẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí ì bá fi ti ẹni òkè ṣubú ti wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà yẹn ló sì nílò láti jù sókè kó tó lè sọ orí kodò fún berimbolo. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ewu méjì ti kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni òkè kò tíì fọwọ́ kan ìkọ́ rárá.

Ibẹ̀ ni Lo máa ń dúró sí. Ìjà bẹ́líìtì dúdú jẹ́ ìṣẹ́jú 10, kò sì sí ohun tó ń lé e. Yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ nílẹ̀, yóò máa gbé ìwúwo díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Ẹni ilẹ̀ kò lè sinmi lábẹ́ irú ìwúwo bẹ́ẹ̀. Yóò gbìyànjú láti yọ ojúgun rẹ̀, ọwọ́ á tì í padà. Yóò na ọwọ́ sí apá aṣọ, apá aṣọ á ti lọ. Nígbà tó bá wá yí ìdí díẹ̀ láti wá àyè, Lo á yí orúnkún òsì rẹ̀ síta, bí ẹni tó fẹ́ fi orúnkún náà wo ògiri ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn nìkan. Ojú ẹsẹ̀ tó kọ́ itan á yọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún, láti orúnkún á di pé kò mú nǹkan kan mọ́.

Ìgbà yẹn ni ó tó yára. Orúnkún òsì á gé gba orí itan òsì ẹni ilẹ̀ kọjá, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì kanlẹ̀ ní ìhà kejì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di apá aṣọ tó súnmọ́ ọn mú, ó ń fà á sókè, kí ẹni ilẹ̀ má baà lè fi ìgúnpá yẹn gbé ara rẹ̀ tàbí kó yí sí i. Ọwọ́ òsì á gba abẹ́ apá kejì, tàbí kó di ọrùn aṣọ mú, àyà á bá àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn á fà jáde. Sẹ́kọ́ńdì 3. Adájọ́ á na ìka mẹ́ta. Ariwo á sọ, àwọn òǹwòran á sì máa sọ pé ó yára bí nǹkan míì. Àwọn tó ń wo ìdúró rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí tipẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni orúnkún ń gé dé ìdí. Ẹni ilẹ̀ tó gbọ́n á ti fi ojúgun kejì dí àyà, tàbí kó yí ìdí kó tún fi ẹsẹ̀ kọ́ láti inú dípò ìta. Ohun tó fi ọ̀gá hàn ni pé kò ní fi ipá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Yóò fà sẹ́yìn, yóò di ṣòkòtò lórí orúnkún méjèèjì, yóò ju ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá kan bí ara rẹ̀ ṣe ń lọ sí apá kejì. Tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kó fà á sọdá iwájú ara rẹ̀, kó fi ìbàdí tì í mọ́bẹ̀, ìdí ẹni ilẹ̀ á kọjú sí ibìkan, èjìká rẹ̀ á kọjú sí ibòmíràn. Ara tó lọ́ báyìí ò lè jà. Mendes kékeré, Rafael, tó jẹ́ aláṣẹ nínú berimbolo, ọ̀gá ni nínú fífa ẹsẹ̀ sọdá yìí pẹ̀lú. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìkọ́ ló sábà máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú rẹ̀.

Bí berimbolo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, tí ẹni ilẹ̀ ti sọ orí kodò? Ohun tí gbogbo ara á máa sọ ni pé kó sá sẹ́yìn. Sísá sẹ́yìn ló ń mú ìdí kanlẹ̀, ìdí tó kanlẹ̀ ló sì ń ta ẹ̀yìn fún wọn. Síwájú ni kó lọ. Kó jókòó wọ̀ ọ́ lára, kó gbé gbogbo ìwúwo sórí ìdí tó ti wà lókè, kí ọrùn ẹni tó sọ orí kodò bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ohun tó ń ṣe yìí dára. Ó gba ọkàn. Kíkọ́ rẹ̀ kò le tó gbígbà á gbọ́ ní àkókò tí wọ́n ń fà ọ́ lẹ́sẹ̀.

Àwọn àgbà kan wà nínú eré yìí tí wọ́n ń ráhùn pé De La Riva àti àwọn ọmọ tó bí ti ba jiu-jitsu jẹ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, pé ìjà ojú títì kò lọ báyìí, pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ níwájú ọ̀tá gidi, ọ̀tá á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Apá kan ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìjà tí àwọn méjèèjì jọ jókòó, tí ẹnìkan ò fẹ́ dìde, tí ẹsẹ̀ sì lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò sí ẹni tí kò ní wo aago. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tó kọ́ ìkọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi ẹni tó kọ̀ láti tú u ni. Nígbà tí ẹni òkè bá mọ iṣẹ́, kò sí gáàdì tó ń múni sùn. Ìkọ́ De La Riva ló tiẹ̀ sọ àwọn bíi Lo di ohun tí wọ́n dà. Bí ẹsẹ̀ tó ṣòro kò bá sí, ta ni yóò kọ́ irú ìdúró yẹn?

Mundial, ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Rio ní 1996 tó sì kó lọ sí California ní 2007, Leandro Lo gba á lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ìsọ̀rí márùn-ún ló ti gbà á: ìwúwo mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti ti gbogbogbòò tí kò ka ìwúwo sí, èyí tó gbà ní 2018. Ìtàn ti 2018 yẹn gan-an kò ní kíkọjá gáàdì nínú: èjìká rẹ̀ yẹ̀ nínú ìjà tó ṣáájú àṣekágbá, Marcus Almeida, ẹni tí wọ́n ń pè ní Buchecha, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì fi góòlù náà sílẹ̀ fún un. Mundial tó gbà kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìnbọn lù ú níbi òde kan ní São Paulo, ó sì kú. Ọmọ ọdún 33 ni.

Àwọn ìjà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ eré yìí ní Èkó, ní London tàbí níbikíbi tí ẹ wà, tí ìkọ́ yìí sì ń dá yín láàmú, ẹ dín fídíò ọgbọ́n tuntun kù díẹ̀, kí ẹ wo ti Lo láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ má fò síbi tó ti kọjá. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà kó tó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ́.